Aáyù lílọ̀ pa Salmonella wa: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àyẹ̀wò oúnjẹ oníyẹ̀fun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láàbù kékeré la ní ní Yábà. Àwọn tó ń di èròjà ọbẹ̀ sínú ọ̀rá ní Mushin ló ń gbé ọjà wọn wá. A mọ̀ọ́mọ̀ fi Salmonella, bakitéríà inú oúnjẹ tó ń fa àìsàn, sínú ata gígún àti aáyù gbígbẹ lílọ̀ láti dán iṣẹ́ wa wò: gíráàmù 25 nínú mìlílítà 225 omi peptone (omi olóúnjẹ tí kòkòrò fi ń dàgbà), ìwọ̀n 37 Celsius, wákàtí 18. Ti ata hù dáadáa. Ti aáyù kò hù rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ dán an wò. Láàbù tí kò bá ṣe é yóò máa kọ "kò sí" sórí gbogbo aáyù tó bá gbà, ẹni tó jẹ ẹ́ ni yóò sì fara gbá a. Aáyù náà ló pa kòkòrò yín. Bó bá ti kan omi, allicin a jáde, bakitéríà ló sì ń pa. Ẹ po potassium sulfite gíráàmù 5 mọ́ lítà omi peptone kan kí ẹ tó gbé e sínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò). Ìyẹn ló ń gba agbára lọ́wọ́ aáyù àti àlùbọ́sà. Ti kànáfùrù yàtọ̀, omi púpọ̀ ló fẹ́: ìdá kan sí 1000. Gíráàmù 25 rẹ̀ yóò gba omi lítà 25! Ó nira lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá. Fún kókó lílọ̀, ẹ fi mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sínú omi náà.

Ohun kan ṣì kù. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ fi dán an wò, ara rẹ̀ le. Èyí tó ti gbẹ sínú ọjà ti fara pa. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà gbẹ sínú ìyẹ̀fun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fo omi peptone, ká lọ sí RVS (omi kejì, tó ń dá kòkòrò mìíràn dúró kí Salmonella lè hù) tààrà, kí ọjọ́ kan lè dín?

Ìdáhùn: Rárá o. Kẹ́míkà inú RVS yóò pa èyí tó fara pa. Mílíìkì oníyẹ̀fun tilẹ̀ fẹ́ sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ wọ́n ọn sójú omi peptone, ẹ má rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan.

Ìbéèrè: Bí iná bá lọ lóru fún wákàtí mẹ́rin, ṣé ká fi mẹ́rin kún wákàtí 18 náà?

Ìdáhùn: Ẹ tún un ṣe láti inú ọjà. Kò sẹ́ni tó lè sọ bí kòkòrò ṣe dàgbà tó nígbà tí incubator (àpótí tó ń mú un móoru) tutù. Ẹ so ó mọ́ ínfátà. Bí wákàtí 18 bá ti pé kí iná tó lọ, ISO 6579-1, ìlànà àgbáyé fún wíwá Salmonella, gbà kó wà ní fíríìjì, ìwọ̀n 5, títí di wákàtí 72.

Ìbéèrè: Ojú dúdú lórí XLD (àwo tí a fi ń wá Salmonella lẹ́yìn RVS) ńkọ́?

Ìdáhùn: Proteus àti Citrobacter, tí í ṣe bakitéríà mìíràn, náà lè dúdú níbẹ̀. Ẹ má tíì pe oníbàárà. Ẹ kọ́kọ́ fi antiserum (èròjà tó ń mú Salmonella dì pọ̀) àti àwọn àyẹ̀wò yòókù fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ìbéèrè: Oníbàárà kan gbé agolo mílíìkì ọmọ ìkókó kan ṣoṣo wá, ó fẹ́ ìwé fún gbogbo ẹrù rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má fún un. Kòkòrò kì í pín dọ́gba nínú ìyẹ̀fun. Ìlànà Codex (àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ) ti 2008 ní kí a wo gíráàmù 25 lọ́nà 60 fún Salmonella, gíráàmù 10 lọ́nà 30 fún Cronobacter tó ń ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́, kí ẹyọ kan má sì hù. Ẹ kọ ọ́ gbàǹgbà sínú èsì pé agolo yẹn nìkan lẹ wò, kí ẹ sì fẹnu sọ fún un kó tó gbé ìwé náà lọ.