Bí Mo Ṣe Gbé Bàálù Kékeré Balẹ̀ Sínú Oko Olóko

Ẹ́ńjìnnì wa ò kọṣẹ́, epo ò sì tán. Àwọsánmà ló ń sọ̀ kalẹ̀ lé wa lórí lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè wà níwájú. Mo ní kí n yí padà, ẹ̀yìn náà ti dí. Cessna 152 oníjòkòó méjì ni mò ń wà, àbúrò mi jókòó sápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa rọ́jú lọ nírú ibẹ̀ títí kùrukùru á fi gbé wọn mì. Èmi ní kí n tètè wá ilẹ̀ bà sí nígbà tí apá mi ṣì ká a.

Mo yí 7700, nọ́ńbà pàjáwìrì, sórí transponder, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù hàn lójú rédà. Mo ké "Pan-pan", ìpè kánjúkánjú fún ìrànlọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lórí 121.5, ìkànnì rédíò pàjáwìrì, mo wá ń wo oko kiri. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, mo gbójú fò ó: táyà iwájú á rì síbẹ̀, bàálù á sì dojú dé. Pápá kan tí àgùntàn ti jẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo mú. Àwọn àgùntàn ọ̀hún kó jọ sígun kan.

Mo gba apá ọ̀tún pápá náà kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà 500, kí n lè máa wò ó láti ojú fèrèsé òsì tèmi. Wáyà iná ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ má wá wáyà fúnra rẹ̀ o, kì í hàn láti òkè. Òpó ni kẹ́ ẹ wá. Mo rí ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà, òmíràn lódìkejì, wáyà á ti dábùú ẹnu pápá nìyẹn. Àfi kí n ré e kọjá kí n tó balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, inú oko olóko lẹ fẹ́ bà sí?"

"Ṣí ilẹ̀kùn ẹ díẹ̀, kó má bàa há tá a bá gbá nǹkan."

Táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ kanlẹ̀, mo fa ọwọ́ ìwakọ̀ mọ́ra kí imú má tètè sọ̀. Ó ń lọ geerege, àfi gbàà! Kòtò omi kan tí koríko bò ló gba táyà iwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, fáànù iwájú gúnlẹ̀, ó tẹ̀. Mo pa epo, mo pa iná, a bọ́ sílẹ̀ láìfarapa. Fáànù ṣeé rà.

Àgbẹ̀ tó ni pápá gun tirakítọ̀ dé; àgùntàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà. Ó fẹ́ bá wa wọ́ bàálù kúrò, mo ní kó jọ̀ọ́, àfi tí AAIB, àwọn tó ń wádìí jàǹbá bàálù níbẹ̀, bá yọ̀ǹda. Wọ́n yọ̀ǹda lórí fóònù, wọ́n sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú apá bàálù náà, lọ́rì sì gbé e lọ.