Bí a ṣe ń pààrọ̀ kabúrétọ̀ àti rọ́bà epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láìsí ewu iná

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀, irú Yamaha Enduro tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀sà Èkó àti ní etí omi ilẹ̀ Ìlàjẹ, kò ṣòro tú. Nọ́ọ̀tì mélòó kan ló di kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, mú, ọ̀bẹ mímú àti sikirudiráfà sì tó fún rọ́bà epo. Oru bẹntiróòlù gan-an ló ń ṣekú pani nínú iṣẹ́ yìí. Ó fi ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń rọra kóra jọ sí. Iná kékeré tó ta pàrà lójú bátìrì ti tó láti mú un gbiná.

Kí ẹ tó náwó sórí kabúrétọ̀, ẹ yẹ ọ̀nà epo wò láti táǹkì wá. Ẹ fún pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà roboto tó wà láàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì. Bó bá pẹlẹbẹ tí kò padà wú, epo kò rí ọ̀nà jáde nínú táǹkì: bóyá ihò afẹ́fẹ́ orí ìdérí táǹkì wà ní títì, tàbí ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà epo nínú táǹkì. Bí kò bá le rárá bó ti wù kí ẹ fún un tó, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti là, kí ojú ìdè kan tú, tàbí kí fáàfù inú pọ́ǹpù náà ti kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú, tó sì jí padà nígbà tí ẹ fún pọ́ǹpù, ẹ yẹ pọ́ǹpù epo ara ẹ́ńjìnnì wò. Kabúrétọ̀ púpọ̀ tí wọ́n ń sọ nù kò ṣẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, torí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ apẹja. Bí omi iyọ̀ bá ti jẹ ara rẹ̀, tàbí tí ó ń jò lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà lọ́jọ́ kan náà, nítorí inú rọ́bà tó ti gbó máa ń ṣí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ni yóò sì lọ dí jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀ tuntun.

Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ jìnnà sí ààrò ẹja, sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń fa sìgá. Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun tàbí garawa iyanrìn sí tòsí. Ẹ má ṣe da omi sí iná bẹntiróòlù láé. Epo ń léfòó lórí omi, iná náà á kàn tàn kiri ni.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ìdè àti ọ̀pá tó so mọ́ kabúrétọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fóònù sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ yọ okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú wáyà ẹnu òdì bátìrì (èyí tó ní àmì –), kí ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé táǹkì kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá. Sikúrù kékeré kan wà nísàlẹ̀ abọ́ kabúrétọ̀. Ẹ tú u kí epo inú rẹ̀ jò sínú agolo tó ní ìdérí, kí ẹ sì dé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà.

Ẹ yọ ìdérí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ tú ọ̀pá ṣóòkù àti ti ìfúnlépo, kí ẹ tó wá tú àwọn nọ́ọ̀tì. Bí kabúrétọ̀ bá ti kúrò, ẹ fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ihò ẹ́ńjìnnì, kí nọ́ọ̀tì má bàa jábọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike líle ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Irin á fá ojú alumíníọ̀mù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, ní gbígbẹ, láìfi gọ́ọ̀mù sí i, torí bẹntiróòlù lè yọ́ gọ́ọ̀mù, á sì wọ inú jẹ́ẹ̀tì.

Kí nọ́ńbà kabúrétọ̀ tuntun bá ti ẹ́ńjìnnì yín mu. Ẹ yọ àkísà kúrò kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì fún àwọn nọ́ọ̀tì ní ìpààrọ̀, ti ọ̀tún díẹ̀, ti òsì díẹ̀, láìfi agbára tẹ̀ ẹ́. Sikúrù ìdúróṣinṣin, èyí tó ń ṣètò epo àti afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, ńkọ́? Ẹ rọra yí i wọlé títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá yí i jáde ní iye tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ.

Ó wá kan rọ́bà. Ẹ má ṣe fi tipátipá fa èyí tó ti gbó, ẹnu páìpù lè ṣẹ́. Ẹ là á ní gígùn kó lè ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ B1-15 tàbí A1-15 sí lára. 15 yẹn ni gíráàmù epo tó lè gba ara rẹ̀ yọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín ọjọ́ kan, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ; A ni èyí tó lè fara da iná fún ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Rọ́bà funfun tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ kò yẹ níbẹ̀ rárá, oòrùn á mú un le, á sì là. Ẹ gé e ní gígùn tó jẹ́ pé bí ẹ bá yí ẹ́ńjìnnì tàbí gbé e sókè, kò ní fà. Kílíìpù irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe wáyà tàbí àjákù rọ́bà. Ọfà ara pọ́ǹpù ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì, ẹ so táǹkì padà, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ fún pọ́ǹpù títí yóò fi le gbagidi. Ẹ fi tíṣù funfun nu ojú ìdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún nù ún. Bí pọ́ǹpù bá ti rọ̀ tàbí tí tíṣù tutù, ẹ tún ojú ibẹ̀ ṣe. Bí epo bá ń dà láti ẹnu kabúrétọ̀, abẹ́rẹ́ léfòó inú rẹ̀, èyí tó ń dí ọ̀nà epo bí abọ́ bá kún, ti há. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ gbóòórùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí òórùn bẹntiróòlù bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì tó àkókò láti ṣíná. Ìgbà tí òórùn náà bá tán pátápátá ni kí ẹ tó dá wáyà púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì fi ẹnu òdì bátìrì ṣe ìkẹyìn.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ní ewu jù. Ẹ jẹ́ kí fáànù tó ń fa oru jáde ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ tó ṣíná. Ẹ má fi kabúrétọ̀ mọ́tò dípò ti ọkọ̀ omi láé: bí abọ́ bá kún àkúnjù, ti ọkọ̀ omi ń da epo padà sínú ọ̀nà ẹ́ńjìnnì, ti mọ́tò lè dà á síta sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan, torí abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tó ń fa omi ìtútù á jóná. Inú dírọ́ọ̀mù tàbí etí omi ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ sì rí i pé omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá sọ pé kí ẹ po bẹntiróòlù 50 mọ́ ọ́ìlì 1, ìdajì lítà ọ́ìlì ni fún kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù 25 lítà. Ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má jìnnà sí èbúté. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó (life jacket), kí àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ tún fún kílíìpù lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìdè, kí ẹ sì gé rọ́bà àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa kó o lọ lò.