Bí A Ṣe Ń Dé Ìgò Bíà Tí A Pọn Nílé Kí Gáàsì Má Baà Jò

Ẹni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró de bíà tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn, tó wá ṣí ìgò náà tí kò gbọ́ kí ó dún “ṣìì”, yóò mọ irú ìbànújẹ́ tí mò ń sọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nínú ìgò 24 tí mo kó pamọ́ nígbà kan, 9 ni kò ní gáàsì kankan nínú mọ́, ọtí inú wọn sì ń rùn bíi páálí tí omi rẹ. Kò sí àbùkù lára ọtí náà nígbà tí mo ń rọ ọ́ sínú ìgò. Ìdérí ni kò mú ẹnu ìgò dáadáa. Gáàsì jáde, afẹ́fẹ́ wọlé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ṣòfò.

Ìdérí onírin eléyín tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́nu ìgò bíà àti ti mínírà, William Painter ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1892. Eyín 24 ni ti ìgbà náà ní. 21 ni ti òde òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eyín yìí ló ń dí ẹnu ìgò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dí i gan-an ni ike rírọ̀ pẹlẹbẹ tó wà nínú ìdérí, èyí tó jẹ́ èèpo igi kọ́ọ̀kì láyé Painter, tó máa ń tẹ̀ mọ́ ètè ìgò. Iṣẹ́ eyín ni láti ká mọ́ abẹ́ ètè náà kí ó sì di ìdérí mú, kí ike náà má baà dẹwọ́ bí gáàsì bá ti ń tì í láti inú. Ìdí nìyí tí agbára apá kì í fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bí eyín bá ká mọ́lẹ̀ lápá kan tí ó sì là sílẹ̀ lápá kejì, gáàsì yóò rí ọ̀nà gbà, bó ti wù kí a tẹ ẹ̀rọ náà lágbára tó.

Nítorí náà, ìgò ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ìka ra ètè ìgò kọ̀ọ̀kan yí ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó bá ti ṣán, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, gáàsì yóò gba ibẹ̀, a ó sì sọ irú ìgò bẹ́ẹ̀ nù láìṣàánú. Ẹ má ṣe lo ìgò tí a máa ń fi ọwọ́ lásán yí ìdérí rẹ̀ ṣí, nítorí ètè irú rẹ̀ kì í nípọn tó fún ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ láti rí dì mú, ọrùn rẹ̀ sì lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìgò bíà ńlá 60 cl tí wọ́n ń dá padà fún ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí: gíláàsì rẹ̀ nípọn nítorí pé wọ́n ṣe é kí a lè lò ó lálòtúnlò. Aláwọ̀ ilẹ̀ sàn ju aláwọ̀ ewé lọ, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba òórùn bíà tó ní hops nínú jẹ́, ìyẹn òdòdó tó ń mú kí bíà korò. Bákan náà, ẹ wo ìwọ̀n ẹnu ìgò. Ìdérí milimítà 26 ló bá ọ̀pọ̀ ìgò mu, àmọ́ àwọn ìgò kan láti Bẹ́ljíọ̀mù àti ìgò ṣáńpéènì ń fẹ́ ti milimítà 29, orí ẹ̀rọ tí a ó fi dé e sì yàtọ̀.

Ìgò tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ wá fi oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà fún àwọn apọntí ṣan inú rẹ̀. Inú oògùn yìí kan náà ni kí ẹ rẹ àwọn ìdérí sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èmi kì í se ìdérí lórí iná, nítorí ooru tó bá pọ̀ lè ba ike inú rẹ̀ jẹ́, ike yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ dé ìgò bí ọtí kò bá tíì hó tán, ìyẹn híhó tí ìwúkàrà (yíìsì) ń fà, kì í ṣe ti orí iná. Haidirómítà, ìyẹn ìwọ̀n onígíláàsì tó ń léfòó nínú ọtí, ni yóò sọ fún wa: bí ó bá fi iye kan náà hàn fún ọjọ́ mẹ́ta, híhó ti parí. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ṣúgà tí a ti yọ́ nínú omi gbígbóná sí i, nǹkan bíi gíráàmù 6 fún lítà kan, ìyẹn bíi gíráàmù 115 fún lítà 19. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ má ṣe fojú dá a. Ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà yìí nínú ìgò, yóò sì sọ ọ́ di gáàsì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, tí ìdérí sì mú dáadáa, ìgò yóò bú gbàù, àfọ́kù rẹ̀ sì lè fọ́ ojú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń rọ ọtí kan ìsàlẹ̀ ìgò, kí ọtí má baà ta pàrà kí ó sì gba afẹ́fẹ́ sára. Àlàfo sẹ̀ntímítà 2.5 sí 3 lókè ti tó. Ẹ gbé ìdérí lé ẹnu ìgò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìfófó lè ti afẹ́fẹ́ inú àlàfo náà jáde.

Ẹ̀rọ tí a fi ń dé ìgò pé oríṣi méjì. Ọ̀kan ní apá méjì bí ìyẹ́, a sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èkejì dúró lórí tábìlì, ọwọ́ kan péré ló sì ní. Èyí tó dúró yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ láìwọ́. Ẹni tó bá ń lo oníyẹ̀ẹ́ méjì gbọ́dọ̀ gbé ìgò ka ibi tó tẹ́jú, kí ó fi aṣọ ìnura tútù sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀, kí ó sì tẹ apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kọ̀ láti lọ mọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè gbọọrọ. Ẹ má ṣe fi ipá yí i.

Kí ẹ tó kó ìgò kankan pamọ́, ẹ di ìdérí rẹ̀ mú, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá yí wẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó má mú. Ẹ wo eyín rẹ̀ yí ká bóyá gbogbo wọn ká wọlé bákan náà, kí ẹ sì da orí ìgò kodò fún ìṣẹ́jú kan lórí ìwé ìnuwọ́ gbígbẹ. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ ìwọ̀n lè wọn ìbú ìdí ìdérí: milimítà 32 ló máa ń jẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́, bíi 29 ló sì yẹ kó kù sí. Èyí tí kò bá mú, ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi ìdérí tuntun dé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tún ìdérí àlòkù lò: ohun tí a fi ṣí i ti tẹ̀ ẹ́, ike inú rẹ̀ sì ti gba àpá ètè ìgò mìíràn. Ní ti ìgò tí wáyà ń di ìdérí rẹ̀ mú, òrùka rọ́bà rẹ̀ nìkan ni wàhálà ibẹ̀; ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti le tàbí tó bá ti sán.

Ẹ kó àwọn ìgò dúró ṣánṣán sínú páálí tàbí àpótí tó ní ìbòrí, níbi tó ṣókùnkùn, tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ó dára kí ẹ rọ díẹ̀ nínú ọtí náà sínú ìgò oníke kan, kí ẹ sì máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: bí ó ti ń le sí i ni gáàsì ń pọ̀ sí i nínú àwọn yòókù. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò yí kò sì ní gáàsì, ẹ má tètè dá ìdérí lẹ́bi, ó lè jẹ́ òtútù ló ti mú ìwúkàrà sùn. Ẹ gbé àwọn tó kù síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ yí wọn po díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn dìde, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ẹ tó tún ṣí òmíràn.