Bí a ṣe lè kó ìtàn párísì wa jọ kí ikán tó jẹ ẹ́ tán (fún àwa ọmọ Àgùdà dáyósíìsì Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná. Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa nílé, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí, ó ṣe katikíìsì títí irun orí ẹ̀ fi funfun tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Ìlọrin wálé ni mo máa ń sọ pé bàbá, mo ń bọ̀ wá jókòó tì yín o, ẹ máa sọ bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Wọ́n á ní kò burú, ìgbà tó o bá ráyè, mo wà ńlé. Mo wálé Kérésì, mo wálé Àjíǹde, n ò jókòó. Ọjọ́ tí mo wá dé pẹ̀lú fóònù tuntun àti bébà tí mo kọ ìbéèrè sí, ìsìnkú wọn ni mo bá. Ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n kọ nípa iṣẹ́ katikíìsì yẹn nínú ìwé ètò ìsìnkú.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀ má bàa ṣe irú àṣìṣe mi. Dáyósíìsì wa máa pé ọgọ́ta ọdún ní May 29, 2029, ó sì dá mi lójú pé ìgbà tó bá ku oṣù méjì ni párísì kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ sí sáré wá ẹni tó máa kọ ìtàn sínú ìwé pẹlẹbẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó o mọ egungun ìtàn náà, torí òun ló máa sọ ibi tó yẹ kó o lọ wá ẹran ara ẹ̀. Má fi orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń parí sí. Orí ààlà ilẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1943, Róòmù gé agbègbè kan jáde wọ́n sì pè é ní Ondo-Ilorin, Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Hughes, ara àwọn fadá SMA (Society of African Missions, ẹgbẹ́ àwọn fadá míṣọ́ọ̀nù), ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀. Nígbà tó di 1950 tó di dáyósíìsì gidi, Oǹdó nìkan ló kù nínú orúkọ ẹ̀. December 20, 1960, oṣù bíi méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni Ìlọrin wá dá dúró, àmọ́ kì í ṣe dáyósíìsì nígbà yẹn o, Apostolic Prefecture ni, ìyẹn ipò tí wọ́n máa ń fún ibi tí iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù ò tíì gbó. Fadá William Mahony, ara Ireland, SMA lòun náà, ni wọ́n fi jẹ olórí. Ìgbà tó di May 29, 1969 ni Ìlọrin di dáyósíìsì, Mahony náà sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.

Ṣé o rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Tí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yín bá ti wà ṣáájú 1960, má retí pé gbogbo ìwé ẹ̀ máa wà ní ilé bíṣọ́ọ̀bù n'Ílọrin, torí Ìlọrin gan-an ò tíì jẹ́ nǹkan kan nígbà yẹn, abẹ́ Oǹdó la wà. Á dáa kó o béèrè níbẹ̀. Lẹ́tà táwọn fadá òyìnbó máa ń kọ sílé náà ń bẹ o, Cork ní Ireland ni ojúkò SMA ti Ireland, wọ́n sì ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Ímeèlì tí wọ́n kọ dáadáa, tó dárúkọ ìlú, tó dárúkọ ọdún, tó sì sọ ohun pàtó tó o ń wá, sàn ju ọgọ́rùn-ún "please send history of my parish" lọ.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó kù ò gùn: Onaiyekan ọmọ Kàbbà gbà á lọ́wọ́ Mahony ní 1984, ó lọ sí Abuja ní 1990, òun náà ni Póòpù fi jẹ kádínà ní 2012. Ayọ̀-Maria Atóyèbí tó jẹ́ fadá ẹgbẹ́ Dominican wà níbẹ̀ láti 1992 títí di 2019, Paul Ọláwoore tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Anselm Lawani. Ó tán. Ìwọ náà rí i pé ìlà mẹ́ta ti gbà á, ìtàn ò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ìtàn wà. Tètè lọ. Má lọ lọ́wọ́ òfo, ra búrẹ́dì tàbí èso dání, má sì wọlé kó o kàn gbé fóònù sí wọn lẹ́nu bí oníròyìn, kí wọn dáadáa, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ò tíì di ohun àtijọ́ nílé wa, béèrè ara wọn, béèrè àwọn ọmọ, kó o tó gba àyè lọ́wọ́ wọn láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Kó o tó kúrò nílé, wò ó bóyá àyè wà nínú fóònù ẹ. Mo ti bá màmá kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan rí, fídíò ìgbéyàwó ti kún inú fóònù mi láìmọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló gbà.

Nípa ọjọ́ àti ọdún, má béèrè pé "ọdún wo ni?" lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ayé lórí kàlẹ́ńdà. Fi nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ béèrè. Ṣé ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀? Ìyẹn 1939 sí 1945. Ṣé ẹ ti gba òmìnira? Ṣé kí mọ́tò tó kúrò ní òsì lọ sí ọ̀tún ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? April 2, 1972 nìyẹn. Ṣé sílè lẹ fi san owó ìwé yẹn àbí náírà? January 1973 ni náírà dé. Ṣé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó di ọ̀fẹ́ ní 1976 ni? Ṣé Póòpù ti wá sí Ìbàdàn? February 1982. Bó o bá fi méjì mẹ́ta mú wọn báyìí, wàá rí i pé ọdún náà máa ká mọ́ àárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn jù fún mi ni èyí: "ta ló pọn omi tí wọ́n fi mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?" Tó o bá béèrè ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ fadá òyìnbó ni wọ́n máa dá. Tó o bá béèrè ẹni tó pọn omi, ẹni tó ru yanrìn, ẹni tí fadá sùn sílé ẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ilé míṣọ́ọ̀nù, ẹni tó kọ́ wọn ní àdúrà ní ọjọ́ Sunday tí kò sí Mísà torí fadá kan ṣoṣo ló ń yí abúlé méjìlá ká, ìgbà yẹn lo máa gbọ́ orúkọ àwọn ìyá àti àwọn katikíìsì tí kò sí nínú ìwé kankan. Béèrè orin náà. Ní kí wọ́n kọ ọ́, má kàn ní kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn àgbà tó ti ń ṣe Mísà ṣáájú àpérò Vatican kejì, tó parí ní 1965, ṣì lè kọ orin Látìn láìmọ ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ̀rín máa ń pa mí àmọ́ ohun iyebíye ni.

Má fi mọ sọ́dọ̀ àwa Àgùdà nìkan o. Ìlú wa kì í ṣe ibi tí ilé kan ti jẹ́ ti ẹ̀sìn kan, alàájì àti Joseph ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ń lọ sí mọ́sálásí lónìí ló ka ìwé ní ilé-ìwé fadá, òun ló máa rántí orúkọ tíṣà àti iye ẹgba tó jẹ. Lọ sáàfin náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ míṣọ́ọ̀nù, ẹni tó fún wọn àti ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n fún wọn, àwọn ìjòyè ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé-ìwé yẹn náà ní ìtàn tiwọn, ìjọba gbà wọ́n láàárín àwọn ọdún 1970, àríyànjiyàn ta ló ni wọ́n ò sì tíì tán, ẹ rántí February 2021 tí wọ́n ti ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù mẹ́wàá pa n'Ílọrin lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Kọ ọ́ bó ṣe rí, má fi bú ẹnikẹ́ni. Béèrè pé ìwé logbook ilé-ìwé ńkọ́, hẹdimásítà àtijọ́ ló máa ń kọ ọ́, ó máa ń kọ ọjọ́ tí òjò gbé òrùlé lọ àti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá.

Ó wá kan ìwé ìsàmì, ìwé ńlá yẹn tó wà ní ọ́fíìsì fadá. Òfin Ìjọ ló ní kí párísì kọ̀ọ̀kan ní i. Kọ lẹ́tà sí fadá párísì kó o tó lọ, má kàn já wọlé lẹ́yìn Mísà Sunday nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Sọ ohun tó o fẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá gbà, fọ ọwọ́ ẹ kó o nù ún gbẹ, gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti dáa, fi fóònù ya á láìtan flash. Ewé tó ya, má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ba bébà náà jẹ́ tó bá yá. Má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láé, mo ti rí ìwé kan tí ikán jẹ láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ̀yìn ẹ̀ dà bíi pé kò sí nǹkan, ìgbà tá a ṣí i ló dà bí afárá oyin.

Látìn ni wọ́n fi kọ àwọn àtijọ́, má bẹ̀rù. Natus tàbí nata ni ọjọ́ ìbí, filius ni ọmọkùnrin, filia ni ọmọbìnrin, patrinus ni bàbá ìsàmì, matrina sì ni ìyá ìsàmì. Wo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹni yìí ti ṣègbéyàwó, àti ibi tó ti ṣe é, báyìí lo ṣe máa mọ ẹni tó lọ sí Jos tàbí Kàdúná. Orúkọ Yorùbá máa ṣe ẹ́ ní kàyééfì, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí Ireland, kò sí àmì, ṣ máa di sh, ayé máa di aiye. Ka orúkọ náà sókè, etí ẹ máa mọ̀ ọ́n kí ojú ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ kan rèé o: má gbé fọ́tò ìwé yẹn sórí Facebook tàbí WhatsApp gúrúpù. Ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀, ọmọ tí wọn ò kọ orúkọ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ ìyá àgbà ẹnì kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú lónìí.

Ìwé mínítì Legion of Mary, ẹgbẹ́ àdúrà àti ìbẹ̀wò yẹn, náà ńkọ́? Èèyàn kì í rántí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kọ mínítì, ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó padà wá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tún wọ inú ilé ìdáná àwọn ìyá CWO, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Àgùdà. Mi ò ṣàwàdà. Ife, báfù àti bàsíà súfiníà tí wọ́n kọ orúkọ fadá àti ọjọ́ ìyàsímímọ́ sí, aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ àwòrán bíṣọ́ọ̀bù sí, àlùmánáàkì tó ti pọ́n lára ògiri, gbogbo ẹ̀ ni ìwé ìtàn tí ikán ò lè tètè jẹ. Gun òkè lọ wo agogo náà, àwọn tó rọ ọ́ máa ń kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Tí lẹ́tà bá wà lára òkúta ìpìlẹ̀, ya á ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, má fi ọ̀dà tún un kọ.

Níbi iṣẹ́ ọnà, ọ̀rọ̀ gúúsù Kwara dùn mọ́ mi jù. Osi tó wà ní Èkìtì ti Kwara níbí, tí àwọn ìwé máa ń pè ní Osi-Ìlọrin, ibẹ̀ ni Àrẹògún ti wá, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́ jù nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀kùn àti ère ẹpa, ìyẹn ère tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́jọ́ ọdún, ló ń gbẹ́. Ní 1947 àwọn fadá SMA méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Báńdélé ọmọ Àrẹògún ni wọ́n gbà, òun náà ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ kan náà tó mọ ère òrìṣà ló wá gbẹ́ ìbí Jésù, àwọn amòye mẹ́ta sì múra bí èèyàn wa. Musulumi ni Fákẹ́yẹ o! Torí náà tí ilẹ̀kùn onígi tàbí àgbélébùú àtijọ́ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ má jẹ́ kí kọmitíì gbé e sọnù torí wọ́n fẹ́ fi gíláàsì sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Tó o bá lágbára ìrìn àjò, ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba tó wà ní Kàdúná ló ní fáìlì Ilorin Province ayé òyìnbó, Ilorprof ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ Àríwá la wà nígbà náà, àwọn òyìnbó ìjọba ò sì fẹ́ kí míṣọ́ọ̀nù máa da ìlú ẹ́míà láàmú, nítorí ẹ̀ ni ìwé ìbéèrè fún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi máa ń gba ọ́fíìsì wọn kọjá. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi tètè gbilẹ̀ ní apá Ìgbómìnà àti Èkìtì ju inú Ìlọrin fúnra ẹ̀ lọ.

Tó o bá wá jókòó láti kọ ọ́, ìjà máa dé. Ìdílé méjì máa ní bàbá tiwọn ló kọ́kọ́ gba fadá sílé. Má ṣe adájọ́, kọ méjèèjì, kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n bá ti gbà pé kó o dárúkọ àwọn. Tẹ ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún fadá párísì, ọ̀kan fún ilé bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan kó wà nílé yín, kí ohùn tó o gbà sì wà lórí fláàṣì tí kì í ṣe fóònù ẹ.

Kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà kó o kà á fún wọn. Màmá tí mo pàdánù ohùn wọn yẹn, mo padà lọ, mo kà á. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí mo kọ pé àwọn obìnrin ìlú pọn omi láti odò, wọ́n ní dúró ná, kì í ṣe gbogbo obìnrin, àwa ilé Ọ̀kẹ́-Ọ̀tún nìkan ni, àwọn tó kù ń lọ ọjà. Mo tún un kọ lójú wọn.