Bí a ṣe ń yan bisikíìtì kéékèèké oníṣokoléètì àti kajú fún ọdún

Láti ọjọ́ Kérésìmesì títí ọdún tuntun yóò fi wọlé, ilé kì í gbófo ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò wọlé wá kí ẹ kú ọdún, àwọn ẹbí yóò ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá, àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí náà yóò sì yà kí wa gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń yà kí wọn nígbà Iléyá. Ìpanu tó bá irú àsìkò bẹ́ẹ̀ mu jù lójú tèmi ni bisikíìtì kékeré tí ènìyàn lè sọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan láìgé e sí méjì, tí kò sì ní rún sórí aṣọ ọdún. Ó dùn ún pín, ó sì ń ká ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kíkéré rẹ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ó gba ìwàǹwára: ohun gbogbo tó bá wọ inú rẹ̀, láti orí ègé ṣokoléètì dé orí iye ìṣẹ́jú tí yóò lò nínú ààrò, gbọ́dọ̀ kéré ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀ yìí yóò mú nǹkan bí 60 bisikíìtì jáde. Ẹ wá bọ́tà gíráàmù 125, èyí tó jẹ́ ìdajì páálí 250 tí wọ́n sábà ń tà, ṣúgà gíráàmù 100, ẹyin kan, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 180, kòkó lúbúlúbú tí kò ní ṣúgà nínú, gíráàmù 20, ṣokoléètì dúdú gíráàmù 120, kajú tàbí ẹ̀pà yíyan tí a ti bó, gíráàmù 100, àti iyọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí orí ìka méjì lè mú. Ó ku páúdà amúǹkanwú, ohun tí yóò mú un wú díẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ «levure chimique» sí lára àpò rẹ̀. Kì í ṣe ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Àpò kékeré kan rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 11, bẹ́ẹ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì ti tó fún wa. Ẹni tó bá da odidi àpò sí i yóò rí bisikíìtì tó wú bí àkàrà òyìnbó, tí ìtọ́wò rẹ̀ yóò sì máa ta ahọ́n. Ẹ má ṣe fi ife tàbí agolo díwọ̀n bí ẹ bá lè yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹnìkan, nítorí pé nínú ohun tó kéré tó èyí, ìyẹ̀fun díẹ̀ tó lé ni yóò sọ ọ́ di líle.

Ọ̀rọ̀ kajú fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára ibi tí a ti ń gbin kajú jù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oṣù kejì sí oṣù karùn-ún sì ni wọ́n sábà ń kórè rẹ̀. Èyí já sí pé kajú tí a bá rà ní oṣù kejìlá ti pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa, epo inú rẹ̀ sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ni ẹ ti rà á tàbí ẹ̀bá ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ ẹyọ kan kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ní òórùn epo àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀, nítorí pé ààrò kì í mú irú òórùn bẹ́ẹ̀ kúrò, ńṣe ni yóò tú u jáde. Èyí tí wọ́n ti bó ni kí ẹ rà. Bí ará oko bá fi kajú tó ṣì wà nínú èèpo ta yín lọ́rẹ, ẹ má ṣe dán bíbó rẹ̀ wò ní ilé ìdáná, torí pé epo kan wà nínú èèpo náà tó ń bó awọ ara bí ìgbà tí iná bá jó ènìyàn, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ojú.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀pà kò pàdánù ohunkóhun. Èmi tilẹ̀ gbà pé ẹ̀pà ń bá ṣokoléètì dúdú rẹ́ ju kajú lọ. Kí ẹ yan án nínú iyanrìn gbígbóná títí tí inú rẹ̀ yóò fi pọ́n díẹ̀, kí ẹ jọ iyanrìn rẹ̀ kúrò dáadáa, kí ẹ fi ọwọ́ ra á nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Èèpo pupa yẹn korò, bisikíìtì kékeré kò sì ní àyè tí yóò fi ìkorò pamọ́ sí. Ti a bá ra ẹ̀pà oníyọ̀, a kò ní fi iyọ̀ mìíràn sí i mọ́. Àwọn kan ti bi mí bóyá kúlíkúlí Agonlin, ti agbègbè kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò lè ṣe é, níwọ̀n bí òun náà ti jẹ́ ẹ̀pà. Kò lè ṣe é, nítorí pé wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò, yóò sì máa fa bọ́tà inú ìyẹ̀fun mu títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ. Asálà náà kò bá a mu, torí omi wà nínú rẹ̀ púpọ̀, ìkorò tó sì máa ń fi sílẹ̀ lẹ́nu kì í jẹ́ kí a mọ adùn ṣokoléètì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ gé e wẹ́wẹ́ débi pé èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ní ju ìdajì ẹyọ ẹ̀pà kan lọ. Ègé ńlá ló ń mú kí bisikíìtì kékeré fọ́ sí méjì kí ó tó dé ẹnu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí lúbúlúbú rẹ̀ bọ́ sọ́tọ̀, nítorí pé òun náà máa ń mú ọ̀rá inú ìyẹ̀fun gbẹ. A lè fi í sínú ògì lọ́jọ́ kejì.

Ní ti ṣokoléètì, ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ «pâte de cacao», ìyẹn kòkó tí a lọ̀ kúnná, ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, tí «beurre de cacao», ìyẹn ọ̀rá kòkó, sì tẹ̀ lé e láìjìnnà, a ti rí ohun tí a ń wá. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà ló ṣáájú, tí «matières grasses végétales», ìyẹn ọ̀rá ewéko mìíràn, sì wà níbẹ̀, epo lásán ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá kòkó, kò sì ní ní adùn kan náà. Ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 34, èyí tí kò tó ooru ara ènìyàn, ìdí nìyí tí ṣokoléètì gidi fi ń yọ́ lẹ́nu, òun náà sì ni kò jẹ́ kí ó ṣe é gbé dání láti ọjà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ẹ rà á kẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì kí ẹ tó fi ọ̀bẹ gé e. Bí ẹ bá tú u tí ẹ rí ohun funfun bí eérú lójú rẹ̀, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù; ó ti yọ́ rí, ó sì tún dì padà ni, kì í ṣe èbu, kò sì ní hàn mọ́ tó bá ti wọ inú ààrò.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a po ìyẹ̀fun náà. Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí òwúrọ̀ tutù ní àsìkò ọdún, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, bọ́tà tí a gbé sórí tábìlì lè ti di òróró. Bọ́tà tí a ń fẹ́ ni èyí tí ìka ń wọ inú rẹ̀ láìfi agbára tì í, tí kò sì tíì yọ́. Ẹ fi ọmọ orógùn po òun àti ṣúgà papọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí tí yóò fi funfun díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ nígbà náà ni kò ní jẹ́ kí bisikíìtì le bí òkúta, bọ́tà tó ti yọ́ kò sì lè di afẹ́fẹ́ kankan mú. Ẹ fọ́ ẹyin sí i, kí ẹ pò ó títí yóò fi dọ́gba. Ẹ jọ ìyẹ̀fun, kòkó, iyọ̀ àti páúdà amúǹkanwú papọ̀ sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ wá dà wọ́n sórí bọ́tà, kí ẹ sì máa rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbàrà tí a kò bá ti rí ìyẹ̀fun funfun mọ́, ó tó. Ẹni tó bá ń pò ó lọ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì yóò rí i pé ó ń fà, ohun tó bá sì ń fà kì í rọ̀ lẹ́nu. Ẹ wá da ègé ṣokoléètì àti kajú sí i, kí ẹ yí wọn kárí.

Ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan, ó kéré tán. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò ní ìlú tó gbóná bí tiwa. Tí bọ́tà bá tutù kí ó tó wọ ààrò, ẹ̀gbẹ́ bisikíìtì yóò ti dì mú kí bọ́tà náà tó ráyè ṣàn, yóò sì dúró ní ìrísí rẹ̀. Tí ó bá wọlé ní gbígbóná, gbogbo 60 yóò ṣàn pàdé ara wọn di ẹyọ kan pẹlẹbẹ. Bí iná mànàmáná bá lọ, kúlà tí a kó omi dídì sí yóò ṣe iṣẹ́ náà, bí abọ́ náà bá ti ní ìdérí tí omi kò lè gbà wọlé.

Ẹ fi ṣíbí ìpotíì bù ú ní ìwọ̀n kan tó kún orí, bíi gíráàmù 11, kí ẹ yí i róbótó láàárín àtẹ́lẹwọ́ kíákíá, kí ọwọ́ má baà mú un yọ́. Ẹ tò wọ́n sórí tíréè tí a tẹ́ bébà ìyan sí, kí àlàfo tó tó ìka méjì wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi ìka tẹ orí wọn díẹ̀. Kí gbogbo wọn dọ́gba ṣe pàtàkì ju kí wọ́n lẹ́wà lọ, nítorí pé èyí tó kéré yóò ti jóná kí èyí tó tóbi tó jinná.

Ààrò gbọ́dọ̀ ti gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó gbé tíréè sí i, kí ooru rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 170. Ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá kò kọ dígírì sí ojú wọn, nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀. Bí a bá fi 30 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, a ó mọ dígírì rẹ̀ ní ìfojúbù: 6 jẹ́ 180, 5 jẹ́ 150, nítorí náà ẹ fi í sí àárín méjèèjì, kí ó sún mọ́ 6. Ìṣẹ́jú 9 sí 10 ló sábà máa ń gbà. Ẹ má ṣe wo àwọ̀ rẹ̀, torí kòkó ti sọ ọ́ di dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò sì lè rí i nígbà tó bá ń pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka kàn: bí ó bá ti le, tí àárín rẹ̀ sì ṣì rọ̀ débi tó ń jọ bíi pé kò jinná, ẹ gbé e jáde. Yóò máa jinná lọ lórí tíréè gbígbóná náà, yóò sì le bí ó ṣe ń tutù. Ẹni tó bá dúró kí ó le nínú ààrò ti dúró jù. Níwọ̀n bí ààrò kan kò ti jọ èkejì, ẹ kọ́kọ́ yan ẹyọ kan tàbí méjì, kí ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó bá tutù, kí ẹ tó yan ìyókù. Kí ẹ sì jẹ́ kí tíréè tutù pátápátá kí ẹ tó tún to òmíràn sí i.

Ilé tí kò bá ní ààrò lè lo ìkòkò ńlá tó nípọn. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ to òkúta mẹ́ta lé e, kí ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná lórí èédú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ wá gbé àwo irin tí bisikíìtì wà lórí rẹ̀ ka orí òkúta, kí ẹ dé e padà, kí ẹ sì fọ́n ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí, kí ooru lè ti òkè náà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jinná, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 12. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé e lọ sí ààrò oníbúrẹ́dì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀, torí ooru tí búrẹ́dì ń fẹ́ máa ń ju dígírì 200 lọ, bisikíìtì kékeré yóò sì ti di èédú kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Bí ó bá ti tutù tán, kí a kó o sínú agolo tó dé dáadáa. Ọyẹ́ gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, ọ̀rinrin sì máa ń padà wá ní alẹ́, kò ní pẹ́ sọ bisikíìtì tí a ṣí sílẹ̀ di rírọ̀. Nínú agolo, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan láìyípadà. Ẹni tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀ fún lè yí ìyẹ̀fun náà róbótó ṣáájú, kí ó kó o sínú fírísà fún oṣù kan, kí ó sì máa yan ìwọ̀n tó bá fẹ́ láìjẹ́ kí ó yọ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lé e.

Kí a tó nawọ́ rẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kí a bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹ̀pà tàbí kajú máa ń bá a jà, nítorí pé àwọn kan wà tí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí ọ̀fun wọn wú, kí wọ́n má sì lè mí dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ wá sílé, ẹ fi ṣokoléètì tó pọ̀ díẹ̀ sí i rọ́pò kajú nínú tirẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á lẹ́yìn ṣokoléètì náà pé kò ní ẹ̀pà tàbí irú èso bẹ́ẹ̀ nínú. Kí ẹ po tirẹ̀, kí ẹ yan án, kí ẹ sì kó o sínú agolo ọ̀tọ̀ ṣáájú ìgbà tí ọ̀bẹ, abọ́ tàbí tíréè kankan yóò kan ẹ̀pà.