Àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá fẹ́ ra bàṣé àlòkù tó ti rìn jìnnà

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bí ẹ bá rí ẹni tí ọjà àgbàdo rẹ̀ tà dáadáa lẹ́yìn ìkórè, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí bàṣé wà. Bàṣé ni àwa ń pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ní òdìkejì bọ́dà ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Agbára wa kò ká tuntun, àlòkù là ń rà. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí mo ti ń fi bàṣé kó ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu. Mẹ́rin ni mo ti rà láàárín ìgbà náà. Méjì nínú wọn jẹ mí lówó gan-an, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Ká wí fúnni ká tó dáni, àgbà ìjàkadì ni.

Àṣìṣe tó ga jù ni pé a máa ń bẹ̀rù nọ́ńbà ńlá, a sì máa ń gba kékeré gbọ́. Tí aago kìlómítà bá fi 320,000 hàn, a ó sá. Tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá fi 140,000 hàn, a ó ti máa ka owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Kétu dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 140. Bàṣé tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti rin 840 kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Tọ́dún bá fi máa yí, ó ti kọjá 40,000, ìyẹn ni pé ó ti yí gbogbo ayé po lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mẹ́wàá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, 400,000 ti kọjá. Báwo wá ni bàṣé tí wọ́n ṣe ní 2006, tí igi àti àpò ti bó gbogbo inú ẹ̀yìn rẹ̀, ṣe máa rin 140,000 péré? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹnìkan ti dá aago yẹn padà sẹ́yìn.

Èkejì tí mo rà, kìlómítà 148,000 ni wọ́n pè é fún mi. Rọ́bà orí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán, irin ló ń dán níbẹ̀. Mo rí i. Mo tún rí i pé sítíárìn ti ń yọ̀ bí ọwọ́ ọkọ́ tó ti pẹ́ lóko, àga awakọ̀ sì ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kun ara ọkọ̀ náà lọ́dà, ó ń dán, ojú mi sì ti kúrò lára ẹsẹ̀ bíréèkì. Oṣù kejì tí mo rà á ni mo ń nu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo bá rí ìwé pélébé kan tí ẹni tó ṣe fídáǹsì, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì, fún un lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kó padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì tó bá di 311,000. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó dá aago padà rántí gbogbo nǹkan àfi ìwé kékeré yẹn.

Látìgbà náà, rọ́bà ẹsẹ̀, sítíárìn, orí jíà àti àga awakọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo aago. Tí àwọn yẹn bá gbó tí aago sì kéré, ẹ kúrò níbẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ojú ilé nọ́ńbà márùn-ún péré ni aago wọn ní. Tó bá dé 99,999, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye ìgbà tó ti yí. Ní tèmi, bàṣé 350,000 tí mo mọ ẹni tó wà á àti ibi tó ń wà á lọ sàn ju 140,000 tí kò lẹ́ni tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Kìlómítà ojú ọ̀dà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kìlómítà ọ̀nà oko. Èyí tó sáré lórí ọ̀dà láàárọ̀ títí dalẹ́ lè ní 300,000, kí ara rẹ̀ sì le ju èyí tó fi 150,000 gba inú kòtò àti eruku pupa kọjá.

Ẹ má ṣe dé bá ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná

Bí ẹ bá bá ẹni tó fẹ́ tà á ṣe àdéhùn aago mẹ́wàá, á ti tan ọkọ̀ náà láti aago mẹ́sàn-án. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná máa ń bo àṣírí. Ẹ dé ní kùtùkùtù, kí ẹ ti sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó má tan án. Tí ẹ bá dé, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sọ pé ẹ máa padà wá lọ́la.

Kó tó tan án ni kí ẹ ṣí rédíétọ̀, torí tó bá gbóná, omi rẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rá lórí. Ẹ yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, kí ẹ sì wo abẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Tí ẹ bá rí nǹkan tó funfun tó sì ki bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ti lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù (díísẹ̀) máa ń dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Èyí tó mọ́ bí oyin ló yẹ kó fu yín lára. Kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ lánàá?

Lẹ́yìn náà ni kó tan án. Ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ wo èéfín. Funfun díẹ̀ ní àárọ̀ tó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú. Funfun tí kò lọ, omi lè ti máa jó nínú rẹ̀, tàbí kí dísù máa jáde láìjó. Dúdú tó ki tó bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́ ti dísù tó pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ tí kò tó. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ni mo kórìíra jù, ọ́ìlì ló ń jó, ẹ́ńjìnnì yẹn sì ti gbó nínú. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kékeré máa ń jáde. Ṣùgbọ́n tí èéfín bá ń tú jáde bí ìgbà tí ìyá aláàkàrà ń fẹ́ iná, tí ìdérí náà sì ń fò lórí ihò, kò sí mẹkáníìkì tó lè fi ọ́ìlì nípọn wo irú rẹ̀ sàn.

Ohun kan wà tí a kì í ṣe: a kì í gbé ẹrù lé bàṣé ká fi dán an wò, lófìfo la máa ń dán an wò. Ta ló ń ra bàṣé torí àtifi ṣe fàájì? Mẹkáníìkì ọmọdé kan tó bá mi lọ nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀kẹta ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù lé e." A yá àpò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, a wà á gun òkè. Kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Lófìfo, ó ti ń sáré bí ẹtu.

Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà

Ẹní, tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré, ohun tí mo máa ń gbé lọ nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń tijú, wọ́n á ní aṣọ àwọn máa dọ̀tí. Aṣọ ṣeé fọ̀.

Lórí irin gígùn méjì tó gba abẹ́ kọjá, ìyẹn ṣáàsì, ni gbogbo bàṣé dúró lé. Ọ̀pọ̀ èyí tó wá láti Yúróòpù ti rìn lórí ọ̀nà tí wọ́n máa ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ irin láti inú wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Ní 2008, Toyota ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní láti máa ra àwọn Tacoma tí wọ́n ṣe láàárín 1995 sí 2000 padà lọ́wọ́ oníbàárà, torí pé ìpẹta ti lu ṣáàsì wọn. Tí a bá fi òòlù kan irin tó le, á dún gan-an-an. Èyí tó ti jẹra á dún bí agolo, tàbí kí ìpẹta máa já bọ́ sójú yín. Ẹ kàn án gan-an níbi tí àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé ẹrù, ti so mọ́ ṣáàsì. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ rẹ̀ ní dúdú, ẹ túbọ̀ kàn án. Èmi kò tíì rí ẹni tó kun abẹ́ ọkọ̀ torí ẹwà.

Kí ẹ tó dìde, ẹ wá ojú wẹ́dà, pàápàá lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ẹrù tó yẹ kí irú Hilux gbé kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, ìyẹn àpò àgbàdo mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 100. Àwa ń kó ogún sí i, a sì tún ń gbé ènìyàn lé e lórí. Ibi tó ti ń ṣẹ́ ni ẹ̀yìn ilé awakọ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilé awakọ̀ àti àpótí ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́: tí òkè àlàfo yẹn bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣáàsì ti tẹ̀ sílẹ̀. Tí àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn bá ti tẹ́jú pátápátá láìsí ẹrù lórí wọn, ẹ ti mọ irú ìgbésí ayé tó gbé.

Àwọn yòókù

Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kúrúwà, ló wà nínú púpọ̀ nínú Hilux dísù àtijọ́ àti L200 ti Mitsubishi. Tó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ẹ má gba "a ti pààrọ̀ rẹ̀" gbọ́ láìsí ìwé, kí ẹ kúkú fi owó rẹ̀ sínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnjẹ́kítọ̀ àwọn D-4D, ìyẹn ẹ́ńjìnnì dísù Toyota: agbára tí dísù fi ń gba inú wọn kọjá ju 1,000 báà (òṣùwọ̀n ìfúnpá) lọ, dísù ìgò ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú sì máa ń pa wọ́n.

Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń fà, ẹ dán an wò nínú iyanrìn, kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ wo abẹ́ sítíárìn dáadáa, kó má jẹ́ èyí tó wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi iná àti òòlù gbé sí òsì.

Ní ti ìwé, orúkọ tó wà lórí kàátì gíríìsì, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń gba owó mu, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣáàsì sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ alámì mẹ́tàdínlógún, kò gbọdọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi O síbẹ̀ nígbà tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ ANaTT, àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ni kí ẹ ti yí orúkọ padà kíákíá, torí bí ọkọ̀ bá ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn, ẹjọ́ rẹ̀ lè di tiyín. Kí ẹni tó ń rò pé òun á tún un tà gba Ìlárá sí Nàìjíríà sì rántí pé láti oṣù kìíní 2017 ni wọ́n ti fòfin de ọkọ̀ tó ń gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin tí mo rà, lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni. 362,000 ló wà lórí aago, bàbá kò sì fi pamọ́. Ó wọlé, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan jáde, gbogbo fídáǹsì, kúrúwà, bíréèkì, títí dé gílóòbù iná, ló kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti kìlómítà. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi ìwé yìí sínú owó náà." Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi. Bàṣé náà ti di 451,000 báyìí, ìwé náà ṣì wà nínú àpótí iwájú rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí.