Ẹ yé fi owó wúrà ra idẹ: àṣìṣe àwọn tó ń ra mẹ́dàl Blas de Lezo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra mẹ́dàl àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tẹ́ ẹ ń wá èyí tí ọ̀gágun ojú omi Sípéènì nì, Blas de Lezo, wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó ti sú mi.

1. Idẹ ló pọ̀ jù nínú wọn, mẹ̀kúnnù ni wọ́n rọ ọ́ fún. Kò sí wúrà ńbẹ̀.

2. Ẹ wo ọdún ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 1739 sí, ti Portobelo ni, ìlú Sípéènì ní Panama tí Vernon, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gbà. Lezo ò sí lójú ogun yẹn, Cartagena, ní Colombia òde òní, ló wà.

3. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́. Oníbàárà kan bá mi jiyàn títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ: ṣebí wọ́n kọ ọ́ pé Vernon gba Cartagena ní April 1741, ṣebí Lezo náà rèé lórí ìkúnlẹ̀! Mo gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi fún un, mo ní kó ka ẹsẹ̀ ẹni tó kúnlẹ̀. Méjì ló kà. Ẹsẹ̀ òsì Lezo ti lọ ní Vélez-Málaga lọ́dún 1704, ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Ojú òsì fọ́ ní Toulon, apá ọ̀tún rọ ní Barcelona. Ta wá ni olódidi ènìyàn tó wà lórí idẹ yẹn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Vernon kó nǹkan bí ọkọ̀ 186 dé lóṣù kẹta, ọkọ̀ ogun mẹ́fà péré sì ni Lezo ní. Bí odi Bocachica, ní ẹnu ọ̀nà ìlú náà, ṣe bọ́ sí Vernon lọ́wọ́, ó ti ránṣẹ́ sílé pé ó parí. Àwọn alágbẹ̀dẹ Lọ́ńdọ̀nù ò dúró gbọ́ ìyókù kí wọ́n tó rọ mẹ́dàl. Ní odi San Felipe, àkàbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tó ògiri, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sì ń pa wọ́n bí eṣinṣin, ni wọ́n bá ṣẹ́rí padà lóṣù karùn-ún.

Síbẹ̀ mò ń rà á o. Ìyàwó mi ní tí wọ́n bá yọ́ gbogbo èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, á tó ìkòkò kan.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Dúdú ara rẹ̀ lowó rẹ̀.

Ẹ sì má sọ pé Lezo nìkan ló jagun ọ̀hún. Eslava ni gómìnà àgbà, òun ni olórí. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé, Eslava kọ̀wé fi ẹjọ́ Lezo sun ọba, Lezo sì kú sí Cartagena lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà.

Ti George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ń tà á ní ó jagun ọ̀hún, tí wọ́n fi ń gbówó lé e ńkọ́? Lawrence ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá Vernon lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni George nígbà yẹn, ilé ló wà.